Adéọ̀yọ́ Wo?

Lọ́dún 1982, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni mo fi bínú sí ìyàwó mi nítorí mo rò pé ó ń fojú di mí. Bí a bá jókòó sídìí oúnjẹ, tí mo bá a sọ̀rọ̀ láti apá òsì rẹ̀, kì í dá mi lóhùn. Mo lè sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì, yóò máa jẹun lọ bí ẹni pé afẹ́fẹ́ ló fẹ́ kọjá. Lọ́jọ́ kan mo fi ṣíbí lu tábìlì, mo ní, "Ọláníkẹ́, ṣé èmi lò ń ṣe báyìí sí, níṣojú ọmọ?"

Ó ta gìrì. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá Láwùmí, ọkàn mi ni kò sí níbí."

Mo dìde kúrò nídìí oúnjẹ. Láti ọjọ́ náà, bó bá kí mi láàárọ̀, mo ń dáhùn, àmọ́ n kò fi ọ̀rọ̀ mìíràn lé e.

Etí òsì rẹ̀ ti ń kú lọ nígbà náà, n kò mọ̀. Òun mọ̀, kò sì sọ.

Iṣẹ́ etí ni iṣẹ́ tó ń ṣe. Láti ọdún 1976 ló ti ń gba ìpè ní ilé-iṣẹ́ ìkọ́lé kan ní Dùgbẹ̀. Ẹnikẹ́ni tó bá tẹ ilé-iṣẹ́ náà láago, ohùn rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ gbọ́. Yóò béèrè ẹni tí wọ́n ń wá, yóò ki okùn bọ ihò, yóò sì so àwọn méjèèjì pọ̀. Ilé Onítẹ̀bọmi ni wọ́n ti tọ́ ọ dàgbà ní Ṣakí, ó sì máa ń sọ pé ẹgbẹ́ akọrin ló kọ́ òun láti ya ohùn kan sọ́tọ̀ láàárín ogún. Ó ń mọ àwọn oníbàárà kí wọ́n tó dárúkọ ara wọn. Bí mo bá pè é láti ọ́fíìsì ọ̀gá ilé-ìwé tí mo ti ń ṣe tíṣà, bí mo bá ṣáà ti mí kanlẹ̀, á ní, "Kí ló ṣẹlẹ̀ nílé?"

Irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni ariwo wọ̀ létí. Ó ní ó dà bí ìró tẹlifóònù tí ẹnì kan gbé kalẹ̀ tí kò dá a padà sáàyè rẹ̀, ó ń lọ bẹ́ẹ̀ láìdúró mí. Bí ilé bá ń pariwo, ó lè gbàgbé rẹ̀ díẹ̀. Ṣùgbọ́n bí a bá di ojú láti gbàdúrà ní ṣọ́ọ̀ṣì, tí gbogbo èèyàn dákẹ́, nígbà náà ni yóò wá gbalẹ̀ kan. Ó yí ohun tó ń há sétí lẹ́nu iṣẹ́ sí apá ọ̀tún, ó sì ń bá iṣẹ́ lọ. Ta ló máa sọ fún? Ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti gbọ́ràn, kó wá fẹnu ara rẹ̀ sọ pé òun ò gbọ́ràn mọ́?

Ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, ó ti ṣẹlẹ̀ fún nǹkan bí ọdún méjì kí n tó gbọ́ ọ. Oṣù kẹfà ọdún 1983 ni, òjò ń rọ̀, wáyà tẹlifóònù sì ń hó ṣùàà. Obìnrin kan pè, ó ń sunkún. Ó ní kí wọ́n bá òun sọ fún Ọ̀gbẹ́ni Adégbìtẹ́, ọ̀kan nínú àwọn tó ń bójú tó iṣẹ́ ìkọ́lé wọn, pé ìyá wọn ti dákú, wọ́n sì ti gbé e lọ sí ọsibítù Adéọ̀yọ́, kó máa bọ̀ kíákíá. Obìnrin náà sọ Adéọ̀yọ́ tó jẹ́, àmọ́ ọ̀rọ̀ tó kẹ́yìn yẹn rì sínú ariwo tó wà létí ìyàwó mi. Ó ní kó tún un sọ. Ó tún un sọ. Kò tún gbọ́ ọ. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀ẹ̀kan sí i."

Obìnrin náà fi igbe ta. "Ṣé adití ni wọ́n fi sídìí fóònù yín ni?"

Ọláníkẹ́ ní, "Mo ti gbọ́, mà." Ó gé ìpè náà.

Kò sí ọmọ Ìbàdàn tí kò mọ̀ pé Adéọ̀yọ́ méjì ló wà: èyí àtijọ́ ní Yemẹ̀tú, àti èyí tó wà ní Ring Road. Ìbéèrè ọ̀rọ̀ méjì péré ló kù: Adéọ̀yọ́ wo? Ojú tì í láti béèrè. Yemẹ̀tú ló bí Láwùmí sí, Yemẹ̀tú ló sì wá sí i lẹ́nu.

Mẹ́sẹ́ńjà ilé-iṣẹ́ wọn ni Bàbá Àjàmú, ọmọ Ìṣẹ́yìn, àgbàlagbà tó ń gun kẹ̀kẹ́ kiri gbogbo ibi tí wọ́n ti ń kọ́lé. Wọn kò mọ̀wé, ṣùgbọ́n iṣẹ́ mẹ́wàá ni wọ́n lè gbé sórí láàárọ̀ kan, wọn kì í gbàgbé ẹyọ ọ̀kan. Ọláníkẹ́ ní kí wọ́n sáré lọ sọ fún Ọ̀gbẹ́ni Adégbìtẹ́ ní Challenge pé ìyá rẹ̀ wà ní Adéọ̀yọ́ Yemẹ̀tú. Bàbá gun kẹ̀kẹ́ wọn lójú òjò, wọ́n sì jíṣẹ́ náà bí wọ́n ṣe rán wọn.

Láti ibi tí Ọ̀gbẹ́ni Adégbìtẹ́ dúró sí ní Challenge, ọkọ̀ kò lè rìn ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ tí yóò fi dé Adéọ̀yọ́ Ring Road. Ó kẹ̀yìn sí i. Ó la ìgboro já lọ sí Yemẹ̀tú, ó ń ti wọ́ọ̀dù kan bọ́ sí òmíràn, ó ń dárúkọ ìyá rẹ̀ fún àwọn nọ́ọ̀sì. Nígbà tí ẹnì kan wá sọ fún un pé kó lọ wo ti Ring Road, ọ̀sán ti pọ́n. Wọ́n ti fi aṣọ bo ìyá náà lójú kó tó dé. Àbúrò rẹ̀ obìnrin sọ fún un pé títí ọ̀rọ̀ fi tán lẹ́nu màmá ni wọ́n ń béèrè pé, "Ṣé kò tíì dé ni?"

Lẹ́yìn ìsìnkú, mánéjà pe gbogbo wọn jọ. Ó bi Bàbá Àjàmú ohun tí wọ́n rán wọn. Bàbá ní Yemẹ̀tú ni. Mánéjà wá kọjú sí ìyàwó mi.

Ó ní, "Mísíìsì Akínbíyì, kí lẹ ní kí wọ́n sọ?"

Ọláníkẹ́ ní, "Ring Road ni mo sọ, sà."

Ó sọ fún mi pé Bàbá kò bínú. Wọ́n kàn yíjú wò ó, bí ẹni tó ń wá ohun tó sọnù lára ẹlòmíràn. Wọ́n ní, "Àbí Ring Road lo sọ ni?" Òun sì mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Bàbá wá dọ̀bálẹ̀ fún Ọ̀gbẹ́ni Adégbìtẹ́, ẹni tí wọ́n lè bí lọ́mọ, wọ́n ní kó má bínú, wọ́n ní ọjọ́ orí ló dé.

Láti ọjọ́ náà, wọn kò rán Bàbá níṣẹ́ ẹnu mọ́. Nígbà tí ọdún parí, ilé-iṣẹ́ ní kí Bàbá máa lọ sinmi nílé.

Ọláníkẹ́ kò sọ nǹkan kan fún mi. Mo rí i pé ó ń rù. Mo rí i pé kì í fẹ́ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì mọ́ lọ́jọ́ tí wọ́n bá ń gba oúnjẹ Olúwa. Á ní inú ń run òun, á dúró sílé. Èmi rò pé ìyá mi, tí wọ́n máa ń wá kí wa, ló ṣẹ̀ ẹ́.

Ní oṣù kejì ọdún 1985, nígbà tí oòrùn ń jó bí iná, ẹsẹ̀ rẹ̀ òsì bẹ̀rẹ̀ sí í kú. Ó ní ó dà bíi pé òun wọ ìbọ̀sẹ̀ tí kò ṣeé bọ́. Bó bá tẹ orí ba láti fọ irun, nǹkan kan á ta á láti ọrùn dé ìdí bí iná mànàmáná. Lọ́jọ́ kan ó ti ọjà Bódìjà bọ̀, ó ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́ lójú ọ̀nà, kọ̀ńdọ́kítọ̀ kan sì ń pariwo pé, "Ẹ wo ìyá yìí, ó ti mu ún yó láàárọ̀ kùtù!" Ó dé ilé, ó jókòó sórí àkàsọ̀, kò lè gòkè. Mo gbé e pọ̀n. Ọjọ́ kejì ni mo gbé e lọ sí ọsibítù UCH.

Wọ́n dá a dúró fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Wọ́n fa omi láti ẹ̀yìn rẹ̀, wọ́n fi abẹ́rẹ́ gún ẹsẹ̀ rẹ̀ wò, wọ́n tan iná sí i lójú. Dókítà tó ń tọ́jú rẹ̀, obìnrin kan tí ó máa ń fara balẹ̀ sọ̀rọ̀, bi í bóyá nǹkan kan ti ṣe ojú rẹ̀ rí. Èmi ni mo rántí: lọ́dún 1980, ojú rẹ̀ òsì ṣú fún bí oṣù kan àbọ̀, ó sì là padà fúnra rẹ̀, a dúpẹ́, a gbàgbé. Dókítà ní, "Etí ńkọ́?"

Ọláníkẹ́ wò mí, ó wo dókítà. Ó ní, "Láti ọdún 1982 ni, mà. Ti òsì ò fi bẹ́ẹ̀ gbọ́ràn mọ́. Ó sì ń hó, kì í dákẹ́."

Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo máa gbọ́ nìyẹn. Mo rántí ṣíbí tí mo fi lu tábìlì. Ojú gbà mí tì débi pé ilẹ̀ ni mo ń wò.

Dókítà sọ orúkọ àìsàn náà fún wa: multiple sclerosis. Ó ní kò wọ́pọ̀ láàárín àwa aláwọ̀ dúdú rárá, ó ní òun fúnra òun kò tíì rí tó ẹni márùn-ún. Ó ní àwọn iṣan kan wà tó ń gbé iṣẹ́ láti ọpọlọ lọ sí gbogbo ara, ohun kan sì bò wọ́n bí rọ́bà ṣe bo wáyà iná. Ibi tí rọ́bà náà bá ti ṣí, iṣẹ́ tí ọpọlọ rán kì í dé ibi tó ń lọ dáadáa, tàbí kó dé ní òdì. Lára ìyàwó mi, ó ti ṣí níbi ojú, ó ṣí níbi etí, ó wá ṣí níbi ẹsẹ̀. Ó lè lọ, ó sì lè padà wá. Oògùn wà tó máa jẹ́ kó lè rìn, ṣùgbọ́n kò sí èyí tó máa wò ó tán. Ní ti ariwo etí, ó ní kó má retí pé yóò lọ.

Ọláníkẹ́ bi í léèrè pé, "Dókítà, ṣé Ọlọ́run lè fi irú èyí jẹ èèyàn níyà?"

Dókítà ní, "Fún ẹ̀ṣẹ̀ wo?"



Nígbà tó ku àwa méjì, mo di ọwọ́ rẹ̀ mú, mo bẹ̀ ẹ́ fún ìbínú ọ̀sẹ̀ mẹ́ta yẹn. Ó bú sẹ́kún. Ó ní kí n má bẹ òun, ó ní n kò mọ ẹni tí mò ń bẹ̀. Ibẹ̀ ló ti sọ ọ̀rọ̀ Bàbá Àjàmú fún mi láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Mo wá bí mo ṣe máa tù ú nínú. Mo ní, "Etí ti ń dùn ọ́ kí ọ̀rọ̀ yẹn tó ṣẹlẹ̀. Àìsàn ni, Ọláníkẹ́, kì í ṣe ìwọ."

Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú. Ó ní, "Àìsàn ló dí mi létí, Bàbá Láwùmí. Àìsàn kọ́ ló ya ẹnu mi tí mo fi purọ́."



Oṣù kẹsàn-án ló tó lè fi ọ̀pá rìn dáadáa. Lọ́jọ́ Sátidé kan, a wọ ọkọ̀ lọ sí Àpáta, níbi tí Bàbá ń gbé. Lójú ọ̀nà, ó ní kí n ṣèlérí pé n kò ní dárúkọ àìsàn kí òun tó tọrọ àforíjì. Ó ní, "Bí wọ́n bá kọ́kọ́ gbọ́ àìsàn, àánú á ṣe wọ́n, wọn ò ní lè bínú sí mi. Mi ò fẹ́ fi ọgbọ́n gba ìyẹn náà lọ́wọ́ wọn."

A bá Bàbá nínú pálọ̀. Yọ̀mí, àkọ́bí wọn, ọkùnrin tó ti láya, tó ti bímọ, ló ṣílẹ̀kùn fún wa. Inú Bàbá dùn. Wọ́n ní ẹ káàbọ̀, wọ́n fẹ́ dìde lọ ra obì fún wa ní ìta. Yọ̀mí yára dí wọn lọ́nà. "Bàbá, ẹ jókòó. Ẹ máa ṣìnà." Bàbá jókòó padà bí ọmọdé. Wọ́n rẹ́rìn-ín sí wa, wọ́n ní, "Wọn kì í jẹ́ kí n dá jáde mọ́. Orí ló ń dàrú, ẹ̀yin náà ṣáà mọ̀. Mo ti fi iṣẹ́ ládánì sílẹ̀ ní mọ́ṣáláṣí wa pàápàá. Ẹni tí kò lè di iṣẹ́ kan mú láti Dùgbẹ̀ dé Challenge, ṣé òun ló yẹ kó máa pe èèyàn sí ìrun àsùbáà? Mo lè pè wọ́n ní òru ọ̀gànjọ́."

Ọ̀rọ̀ yìí kò dé etí ìyàwó mi, nítorí apá òsì rẹ̀ ni Bàbá wà. Mo tẹ̀ ba, mo tún un sọ sí i létí ọ̀tún. Mo rí i tí ojú rẹ̀ yí padà. Kò dúró kí n parí. Ó fi ọ̀pá sílẹ̀, ó kúnlẹ̀ lórí ẹsẹ̀ tí kò fẹ́ kúnlẹ̀ yẹn, ó fi ọwọ́ gbá ilẹ̀ mú.

"Bàbá, Yemẹ̀tú ni mo sọ fún yín."

Bàbá tẹ̀ síwájú lórí àga.

"Yemẹ̀tú ni mo sọ. N kò gbọ́ ohun tí obìnrin yẹn wí, mo sì díbọ́n pé mo gbọ́. Nígbà tí mánéjà bi mí, mo purọ́ mọ́ yín. Orí yín ò dàrú o, Bàbá. Kò dàrú rí."

Bàbá pe Yọ̀mí kó súnmọ́ ọn. Wọ́n ní kí Ọláníkẹ́ tún un sọ níṣojú rẹ̀. Ó tún un sọ. Wọ́n ní kí Yọ̀mí pe ìyàwó rẹ̀ láti ilé ìdáná, Ọláníkẹ́ sì sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kẹta. Lẹ́yìn náà ni Bàbá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀, ohùn wọn lọlẹ̀ gan-an. Ọláníkẹ́ gbé ojú sókè sí mi nítorí kò gbọ́. Èmi ni mo ní láti máa gbé ọ̀rọ̀ náà sí i létí.

Mo ní, "Wọ́n ní ó dun àwọn."

Bàbá wò mí. "Tíṣà, má bù ú kù. Bí mo ṣe sọ ọ́ ni kí o sọ ọ́."

Mo fẹnu kan etí ìyàwó mi, mo sì sọ ọ́ bí wọ́n ṣe sọ ọ́: "Wọ́n ní ó lé ní ọdún méjì tí àwọn fi ń jí láràárọ̀, tí àwọn ń ka orúkọ ọmọ àti ọmọ-ọmọ lórí ìka, láti mọ̀ bóyá orí àwọn ṣì wà níbẹ̀. Wọ́n ní ìwọ nìkan, ní gbogbo Ìbàdàn, lo mọ̀ pé orí àwọn pé. O mọ̀ ọ́n, o sì ń jẹun, o sì ń sùn."

Ọláníkẹ́ kò sunkún. Ó kàn ń mi orí sí gbólóhùn kọ̀ọ̀kan, bí ẹni tó ń gba iṣẹ́ tí kò gbọ́dọ̀ ṣì í jẹ́.

Yọ̀mí ló wo ọ̀pá tó wà nílẹ̀, ó béèrè ohun tó ṣe ẹsẹ̀ rẹ̀. Ìgbà náà ni mo tó ṣàlàyé. Bàbá gbọ́ ọ tán, wọ́n mí kanlẹ̀. "Ó ṣe mí láàánú. Ọlọ́run á fún un lálàáfíà. Àmọ́ ọ̀tọ̀ nìyẹn, ọ̀tọ̀ lèyí." Wọ́n ní kí n gbé e dìde. Wọ́n ní ohun kan ṣoṣo ni àwọn fẹ́: kó lọ sọ ọ́ níbi tó ti purọ́ náà.

Ó lọ lọ́jọ́ Ajé. Mánéjà mìíràn ló ti wà níbẹ̀. Ó gbọ́ ọ̀rọ̀ náà, ó bínú, ó kọ ìwé ránṣẹ́ sí Bàbá pé wọn kò jẹ̀bi, ó sì gbé Ọláníkẹ́ kúrò nídìí tẹlifóònù lọ sí yàrá tí wọ́n ń to fáìlì sí. Ọ̀gbẹ́ni Adégbìtẹ́ dúró títí Ọláníkẹ́ fi sọ tirẹ̀ tán. Ó bi í ní ohun kan péré: "Kí ló dé tí ẹ ò bi àbúrò mi pé Adéọ̀yọ́ wo?"

Ọláníkẹ́ ní, "Ojú tì mí, sà."

Ọ̀gbẹ́ni Adégbìtẹ́ jáde. Ó ṣiṣẹ́ níbẹ̀ fún ọdún mẹ́ta sí i, kò sì kí i mọ́, bẹ́ẹ̀ ni Ọláníkẹ́ kò sọ rí pé ó yẹ kó kí òun.

Yọ̀mí sọ fún mi pé Bàbá mú ìwé mánéjà lọ sí mọ́ṣáláṣí, ẹnì kan sì kà á sókè fún ìjọ lẹ́yìn ìrun Jímọ̀. Àwọn ará mọ́ṣáláṣí ní kí Bàbá padà sí iṣẹ́ ládánì, Bàbá gbà, ṣùgbọ́n wọ́n ra aago kan tó ń dún kalẹ̀ síbi ìbùsùn. Yọ̀mí ní Bàbá kò lo aago rí láyé wọn kí ọ̀rọ̀ yìí tó ṣẹlẹ̀. Mi ò sọ ìyẹn fún Ọláníkẹ́ fún oṣù mélòó kan. Nígbà tí mo sọ ọ́, ó ní òun ti mọ̀ pé irú nǹkan bẹ́ẹ̀ máa wà, pé ohun tí èèyàn bá fà ya, kò lè ní kí ẹni tó ni ín má rí ojú abẹ́rẹ́ níbi tí wọ́n rán.

Àìsàn náà padà wá lọ́dún 1987, ó mú ọwọ́ òsì díẹ̀, ó sì mú díẹ̀ nínú etí ọ̀tún. Ní ìparí ọdún 1988 ó fi iṣẹ́ sílẹ̀. Ó ń ránṣọ ọmọdé nínú ilé báyìí lọ́jọ́ tí ọwọ́ bá gbà á láàyè.

Èmi tí mò ń ròyìn yìí, mo fẹ́ sọ pé mo ti kọ́gbọ́n. N kò tíì kọ́ ọ tán. Ó máa ń rẹ̀ mí láti máa tún ọ̀rọ̀ kan sọ nígbà mẹ́ta, mẹ́rin. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, a ń jẹun, Láwùmí sọ nǹkan kan nípa ewúrẹ́ onílé wa tó wọ kíláàsì wọn lọ jẹ ìwé ìdánwò, èmi àti ọmọ sì rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú wa. Ọláníkẹ́ ní, "Kí ló wí?" Mo ní, "Fi sílẹ̀, kò tó nǹkan." Ó gbé abọ́ rẹ̀, ó rọra fi ọ̀pá tilẹ̀ lọ sí ilé ìdáná.

Mo jókòó díẹ̀. Lẹ́yìn náà ni mo dìde tẹ̀lé e, mo lọ sí apá ọ̀tún rẹ̀ níbi tó ti ń fọ abọ́, mo sì sọ ọ̀rọ̀ ewúrẹ́ náà fún un láti ìbẹ̀rẹ̀. Kò pa mí lẹ́rìn-ín mọ́ nígbà tí mo ń sọ ọ́. Ó fetí sílẹ̀ dópin, ó sì rẹ́rìn-ín.